Herbert Macaulay, awọnlẹ̀ tó bá ìjọba òyìnbó du ilẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í tán nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá ti ń gbé ní Àkúrẹ́ láti ọjọ́ kẹta, oṣù kejì, ọdún 1976, tí ìjọba ológun sọ ìlú náà di olú-ìlú ìpínlẹ̀ Oǹdó, á ti fi ojú ara rẹ̀ rí bí ibi tí àwọn bàbá ń dáko sí ṣe di ọ́fíìsì ìjọba àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ní Alágbàká, tí Ìjàpọ̀ di àdúgbò àwọn tó rí jájẹ, tí owó ilé sì ń ti àwọn ọmọ ìlú mìíràn lọ sí ẹ̀yìn odi díẹ̀díẹ̀. Ìtàn ìlú Oǹdó náà kò ṣàìsọ ọ́ pé ogun abẹ́lé ti lé àwọn baba ńlá wọn kúrò ní Òde-Oǹdó rí, tí wọ́n lọ fi Òkè-Ọ̀pá ṣe ibùgbé, kí wọ́n tó padà sílé ní àwọn ọdún 1870. Ogun ni tiwọn, ojú sì rí ogun. Èyí tó ṣòro láti rí ni kí ènìyàn jókòó sínú ìlú tí wọ́n bí i sí, kí ẹnikẹ́ni má yin ìbọn, síbẹ̀ kí ó bá ara rẹ̀ ní ipò àlejò níbẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé ní Èkó láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọ̀ ara ni wọ́n sì fi ń pín ilẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó gbé e dé iwájú àwọn adájọ́ tó ga jù lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni Ọláyínká Herbert Samuel Heelas Macaulay. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí baba òṣèlú Nàìjíríà, wọ́n sì mọ irunmú funfun rẹ̀ tó rí gọ̀ọ̀rọ̀ lára owó náírà kan ìgbà kan. Àwọn tó mọ̀ pé ilẹ̀ ló sọ ọ́ di òṣèlú kò tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní Èkó, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Baba rẹ̀ ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ìyá rẹ̀ ni Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Àwọn Sàró nìyẹn, ọmọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n sì padà wálé láti Sàró pẹ̀lú ìwé, aṣọ òyìnbó àti ìgbàgbọ́. Ọmọ ilé ńlá ni Macaulay, kò sì sí ìgbà kan tó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkó tí wọ́n bí i sí ní àdúgbò tirẹ̀ fún oríṣiríṣi ènìyàn. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ti àwọn onílé, níbi tí ọba wà pẹ̀lú àwọn ìjòyè Ìdéjọ, àwọn onífìlà funfun tó ni ilẹ̀. Àwọn Sàró wà ní Olówógbowó, àwọn tó ti Brazil àti Cuba dé sì wà ní Pópó Àgùdà, níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé alájà tó kún fún iṣẹ́ ọnà. Létí ọ̀sà, ní Marina, ni àwọn oníṣòwò òyìnbó, ìjọ àti ìjọba fìdí sí. Ṣùgbọ́n kò sí odi láàárín wọn. Òyìnbó kò pọ̀ ní Èkó, àwọn Sàró olówó kan sì ní ilé ní Marina, tí wọ́n ń jí rí òyìnbó ní àárọ̀ tí wọ́n sì ń kí i bí aládùúgbò ṣe ń kí aládùúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó bí Macaulay nínú nígbà tó yá, àfi kí ó kọ́kọ́ mọ èyí: wọ́n bí i sí ìlú tí dúdú àti funfun ti ń gbé pọ̀, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe tí wọ́n fi là wọ́n níyà.

Ní 1881 ló wọ iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde. Ó mọ ìlà fà, ó mọ ìwé tò, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ ìjọba. Ní 1890, ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ àti iṣẹ́ ẹnjiníà. Wọ́n sì máa ń kà á sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ìjọba náwó lé lórí láti kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lókè òkun. Ó padà dé ní 1893, wọ́n sì fi í ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ìjọba ní Èkó.

Iṣẹ́ yìí ló la ojú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń fún ènìyàn lórí ilẹ̀ nígbà náà ni wọ́n ń pè ní ìwé ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní àṣà Èkó, ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé, olórí ẹbí kàn ń tọ́jú rẹ̀ fún àwọn tó wà láàyè àti àwọn tí wọn kò tíì bí ni. Bí orúkọ ẹnì kan péré bá ti wọ inú ìwé òyìnbó, ẹni yẹn lè tà á, ó sì lè fi yá owó lọ́wọ́ oníṣòwò Marina. Bí kò bá rí owó san, ilẹ̀ ti lọ nìyẹn, àwọn mọ̀lẹ́bí tí kò mọ̀wé á kàn rí àjèjì tó wá lé wọn jáde. Ọ̀dọ̀ Macaulay ni àwọn ìwé wọ̀nyí ń gbà kọjá. Ó mọ ojúlé tí ilẹ̀ ti bọ́, ó sì mọ bó ṣe bọ́.

Kò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Owó tí wọ́n ń san fún un kò tó èyí tí òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ń gbà, àwọn ọ̀gá rẹ̀ náà sì fẹ̀sùn kàn án pé ó ń lo ipò rẹ̀ láti wá ilẹ̀ fún ara rẹ̀. Ní 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wọn ilẹ̀ fún ẹni tó bá pè é. Ọdún náà ló fi Caroline Pratt ṣe ìyàwó, ṣùgbọ́n ikú mú obìnrin náà lọ láìpẹ́ ọjọ́. Ilé rẹ̀ ní Òpópó Balbina, tó sọ ní Kirsten Hall, di ibi tí àwọn àgbààgbà Ìsàlẹ̀ Èkó ń wá jókòó sí nígbà tí ìwé ìjọba bá dé tí kò yé wọn. Fáólìn ló máa ń ta fún àlejò, ó sì lè jẹ́ pé òru ọjọ́ náà gan-an ni yóò kọ ìwé tí gómìnà kò ní lè sùn lẹ́yìn tó bá kà á tán. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Ejò-nígboro nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n ń sọ ní ilé ìjọba tí kì í dé etí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe la Èkó níyà kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ̀fọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1897, dókítà òyìnbó kan, Ronald Ross, rí i pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ibà ti pa òyìnbó tó pọ̀ ní etíkun Áfíríkà, inú wọn sì dùn pé wọ́n ti mọ ọ̀tá wọn. Àmọ́ àwọn oníṣègùn kan ní ilé-iṣẹ́ àwọn tó ń ṣàkóso ilẹ̀ òkèèrè ní London gbà wọ́n nímọ̀ràn pé ara àwọn ọmọ dúdú ni ẹ̀fọn ti ń kó ibà náà, nítorí náà kí òyìnbó kó lọ gbé níbi tó jìnnà sí wọn. Freetown gbọ́ràn, wọ́n kọ́ ilé fún òyìnbó sórí òkè ní 1904, wọ́n sì ṣe ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa gbé wọn lọ tí yóò máa gbé wọn bọ̀.

Gómìnà tó wà ní Èkó láti 1899, Sir William MacGregor, kò gbà. Dókítà lòun fúnra rẹ̀. Ó ní oògùn kúínì ni kí wọ́n fún tolówó tòtòṣì, kí wọ́n gbẹ́ kòtò kí omi àbàtà lè ṣàn lọ. Ó gbẹ́ ipadò tó la àárín Èkó àti Ìkòyí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Ó yẹ kí á rántí ọkùnrin yìí sí rere, nítorí kò pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá dunni ni pé ipadò kan náà tó gbẹ́ fún ìlera gbogbo ìlú ló padà di ààlà láàárín ilẹ̀ funfun àti ilẹ̀ dúdú.

Walter Egerton ló gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1904. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ilé àti ilẹ̀ àwọn ènìyàn nítòsí pápá eré ẹṣin, ibi tó di Tafawa Balewa Square lẹ́yìn òmìnira, kí wọ́n lè ya àdúgbò kan sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó. Ọdún 1908 kan náà ni wọ́n gbé ètò omi ẹ̀rọ jáde, tí wọ́n ní kí àwọn ará Èkó máa san owó rẹ̀. Àwọn ará ìlú ní kànga. Wọ́n béèrè pé ta ni wọ́n ń fa omi náà fún, wọ́n sì tú jáde sí ìgboro. Dókítà John Randle àti Dókítà Orísàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún náà láti bá ìjọba fà á. Macaulay kò bá wọn ṣe pọ̀ pẹ́ títí, nítorí kò lè jókòó sábẹ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọdún náà lòun náà tẹ ìwé kékeré kan tó fi tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń náwó lórí ọkọ̀ ojú irin lábẹ́ Egerton, láti ọjọ́ náà ni ìjọba sì ti ní orúkọ rẹ̀ lọ́kàn.

Nígbà tí Lugard gorí àlééfà, ohun tó jẹ́ ìmọ̀ràn di òfin. Òfin àwọn ìlú tó jáde ní 1917 sọ pé kí ibùgbé òyìnbó àti ti ọmọ dúdú jìnnà sí ara wọn ní 440 yáàdì, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí àárín rẹ̀. Ọmọ dúdú tó bá máa sùn sí ìhà òyìnbó, àfi kí ó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1919 ni wọ́n ti ń fa ìlà òpópónà sí Ìkòyí fún ète yìí. Àwọn ìlú òkè náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú ẹkùn Oǹdó ní 1915, ara ohun tó bá ipò bẹ́ẹ̀ dé ni pé ọ̀gá òyìnbó ń gbé lọ́tọ̀, ilé rẹ̀ jìnnà, ọgbà yí i ká, ẹni tí kò níṣẹ́ ńbẹ̀ kò gbọdọ̀ yà síbẹ̀. Orúkọ GRA tí gbogbo ìlú ńlá ní lónìí, inú èyí ló ti jáde.

Ìjàǹbá ńlá kan bá Macaulay ní àkókò yìí. Ní 1913, ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí owó ogún tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọwọ́ ìjọba wà níbẹ̀, àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì ní owó ẹni ẹlẹ́ni ló ná. Ẹ̀wọ̀n náà kò pa á lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ó tì í jáde títí ayé kúrò nínú ìdìbò: bí ìlú ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, òfin kò gbà á láyè láti jókòó nínú ìgbìmọ̀ kankan.

Ọdún 1913 yìí náà ni ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá. Wọ́n fẹ́ ṣe èbúté ọkọ̀ àti ojú irin síbẹ̀. Olóyè Àmódù Tíjání, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn onífìlà funfun, ló ni ilẹ̀ náà fún ìdílé rẹ̀. Kò sọ pé kí wọ́n má ṣe èbúté. Ó ní kí wọ́n san owó ilẹ̀. Ìjọba fèsì pé nígbà tí Dòsùnmú ti fi Èkó sílẹ̀ ní 1861, ilẹ̀ ti bá a lọ, àti pé ohun tó kù sí ọwọ́ Olúwa kò ju ẹ̀tọ́ láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ díẹ̀ lọ. Kóòtù Èkó gbè sẹ́yìn ìjọba. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, kò sí ìdílé kan ní Èkó tó tún lè sọ pé òun ní ilẹ̀.

Macaulay ló ní kí wọ́n gbé e dé London. Ní 1920 ó bá Olúwa wọ ọkọ̀ ojú omi gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀ rẹ̀. Ó mú ọ̀pá àṣẹ Eléko Èṣùgbàyí dání, ọ̀pá tí wọ́n fi fàdákà ṣe orí rẹ̀. Gbogbo London ló ń wò wọ́n, olóyè nínú agbádá, Macaulay nínú kóòtù dúdú àti táì onílabalábá. Àwọn oníwèé ìròyìn yí wọn ká, Macaulay sì fún wọn ní ohun tí wọ́n ń wá: ó ní ọba tó ni ọ̀pá yìí ni olórí ọmọ Nàìjíríà mílíọ̀nù 17, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò sì mú ìlérí tó ṣe fún ilé Dòsùnmú ṣẹ.

Àsọdùn ni mílíọ̀nù 17 yẹn, Macaulay fúnra rẹ̀ kò lè ṣàìmọ̀. Ìjọba ní Èkó fi í ṣe ìjà. Wọ́n ní kí Eléko rán agogo yí ìlú ká, kí ó kéde pé irọ́ ni Macaulay ń pa mọ́ òun. Ọba gbà pé òun kò rán an láti sọ ọ̀rọ̀ báyẹn, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti lu agogo lé ẹni tó ń jà fún ìlú lórí. Ìjọba dá owó oṣù rẹ̀ dúró, wọ́n sì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n ní ọba mọ́.

Ní oṣù keje, ọdún 1921, Privy Council dá ẹjọ́. Adájọ́ Haldane kà á sétígbọ̀ọ́ ayé pé gbígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó kò pa ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú sí ilẹ̀ wọn rẹ́, àti pé kì í ṣe àṣà òyìnbó ni kí ẹnikẹ́ni fi túmọ̀ bí ọmọ dúdú ṣe ní ilẹ̀. Olúwa gbọ́dọ̀ gba owó ilẹ̀ rẹ̀ pé. Owó tí wọ́n padà san jẹ́ £22,500. Èkó jó. Ìdájọ́ náà kò sì tán sí Èkó: nígbà tí àwọn ìbílẹ̀ Kánádà gbé ìjọba wọn lọ sí kóòtù tó ga jù ní 1973, àti nígbà tí àwọn ará erékùṣù Murray ní Australia ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì borí ní 1992, ẹjọ́ Àmódù Tíjání ará Èkó wà lára ohun tí àwọn adájọ́ gbára lé. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin lókè òkun máa ń bá orúkọ Olúwa pàdé nínú ìwé, ẹnu á yà wọ́n.

Síbẹ̀, ó yẹ kí á wo ohun tí ìdájọ́ náà sọ dáadáa. Kò sọ pé kí ìjọba má gba ilẹ̀. Ó sọ pé kí wọ́n sanwó. Àpápá di èbúté, ojú irin sì dé ibẹ̀. Ẹni tó ní oyè tàbí ìwé rí nǹkan gbà. Ẹni tó kàn ń gbé níbẹ̀, tó yá ilé, tó ń pẹja, tó ń ta ẹ̀kọ ní ìdí odi kan láti ìgbà ìyá rẹ̀, òfin kò ní ibi tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ààlà ìṣẹ́gun Macaulay nìyẹn, gbogbo ìjà tó jà lẹ́yìn náà ló sì kọlù ú.

Àwọn ìjà náà pọ̀. Òfin ìṣèjọba 1922 fún Èkó ní àga mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹni tó bá ń rí £100 lọ́dún nìkan ló sì lè dìbò. Ní oṣù kẹfà, ọdún 1923, Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú àkọ́kọ́ tó lágbára ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ náà kó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 1923, 1928 àti 1933. Àwọn tó gbé e dúró gan-an kò ní ìbò kankan: àwọn ìyálọ́jà tí Àlímọ́tù Pelewura jẹ́ olórí wọn, àwọn apẹja, àwọn Mùsùlùmí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí lọ́kàn rẹ̀ balẹ̀ sí, èyí sì bí ọ̀pọ̀ àwọn Sàró ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú.

Nígbà tí ìjọba yọ Eléko Èṣùgbàyí lóyè ní 1925 tí wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́, ọdún mẹ́fà gbáko ni Macaulay fi bá wọn fà á ní kóòtù àti nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News. Ìwé ìròyìn náà gbé àhesọ kan jáde ní 1928 pé wọ́n fẹ́ pa ọba náà, ìjọba sì tún rán Macaulay lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ọba padà wọ Èkó ní 1931, ó sì wàjà lọ́dún kejì.

Àárín ìjà yìí ni ohun mìíràn ti wọlé sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn bẹ́ sílẹ̀, ọdún bíi mélòó kan ló sì fi ń pa ènìyàn. Bí ẹ̀fọn ṣe rí ní ayé Egerton ni eku wá rí báyìí. Ìjọba dá LEDB sílẹ̀ ní 1928, ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti gba àdúgbò tó bá dọ̀tí, kí ó wó o, kí ó sì tún un tò. Wọ́n wó ilé ní Okó Awo, wọ́n sì fa ìlà sí Yábàá lórí ilẹ̀ fún àwọn tí yóò kó kúrò. Àrùn náà kì í ṣe irọ́, ilé tó há pọ̀ ní Èkó, ẹnikẹ́ni kò sì lè jiyàn pé kò yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Ohun tó nira ni pé ẹni tó ń tajà ní Èkó tí wọ́n gbé sí Yábàá ti fi afárá àti owó ọkọ̀ sí àárín ara rẹ̀ àti oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ Olúwa kò ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ti sanwó fún onílé, òfin ti tán.

Ní 1938, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement gba Èkó lọ́wọ́ Macaulay. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì rò pé ó ti tán. Nígbà tí wọ́n dá NCNC sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ọdún 1944, òun náà ni wọ́n tún lọ fà wá ṣe ààrẹ, Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Ní 1946 ó bá wọn jáde láti yí Nàìjíríà ká lòdì sí òfin ìṣèjọba Richards, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Àìsàn dá a dúró ní Kánò, wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú lọ́jọ́ keje, oṣù karùn-ún, ọdún 1946. Èrò tó sin ín kò lóǹkà. Ibojì Ìkòyí ni wọ́n sin ín sí, ní ìhà tí òfin kò ní jẹ́ kí ó kọ́lé sí nígbà ayé rẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, hòtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti fún Ivor Cummings ní yàrá. Òṣìṣẹ́ àgbà láti London ni, ṣùgbọ́n ọmọ dúdú ni. Ìlú gbaná, Gómìnà Richards sì kéde pé kí wọ́n dẹ́kun fífi àwọ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀. Ìkòyí ṣí. Àwọn tó wọlé síbẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ àgbà nínú ìjọba, àwọn lọ́yà àti dókítà. Apẹja Ìsàlẹ̀ Èkó kò rí ibẹ̀ wọ̀ rárá.

Ní 1955, nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jókòó sí ipò mínísítà, LEDB tún gbé ètò dé pé kí wọ́n wó nǹkan bí 70 éékà ní àárín Èkó, torí òmìnira ń bọ̀, wọn kò sì fẹ́ kí àlejò rí ìdọ̀tí. Wọ́n kó ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Wọ́n ní onílé lè ra ilẹ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n máa fi tà á fún un ju èyí tí wọ́n fi rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ kò sì padà mọ́. Ní oṣù keje, ọdún 1990, ìjọba ológun Èkó wó Màrókò, nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn ló sì di aláìnílé. Ilé àwọn olówó ló dúró síbẹ̀ lónìí. Kò sí òyìnbó kan nínú èyí.

Òfin pàápàá ti yí. Ní 1910, ìjọba òyìnbó ti ṣe òfin kan ní òkè ọya tó fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ẹ̀rù tó sì ń ba Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni pé wọ́n lè gbé e wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Òyìnbó kò rí i ṣe. Ní oṣù kẹta, ọdún 1978, ìjọba ológun tí ọmọ Ẹ̀gbá, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ń darí ló ṣe é, tí wọ́n fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀. Ọdún méjì péré ni Àkúrẹ́ di olú-ìlú nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, ẹbí tí ìjọba bá gba ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́bàá Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó lè gba owó ohun tó gbìn àti ohun tó kọ́ sórí rẹ̀. Iye tí ilẹ̀ tí wọn kò dá oko sí, tí wọn kò kọ́lé sí, fúnra rẹ̀ tó, ohun tí Haldane ní kí wọ́n san fún Olúwa pé, kò sí nínú ìṣirò mọ́.

Yábàá, ibi tí wọ́n fa ìlà sí fún àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Èkó, ni òpópónà tó ń jẹ́ Herbert Macaulay gbà kọjá. Ní 2011 ni ilé-iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà kan, Co-Creation Hub, fìdí sí ojú òpópónà náà gan-an, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2016, Mark Zuckerberg tó ni Facebook wá bẹ̀ wọ́n wò, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ní àdúgbò náà. Owó ilé ní Yábàá ń gòkè sí i, àwọn onílé ń wó ilé àtijọ́ oníyàrá kójúsíyàrá láti fi kọ́ búlọ́ọ̀kù ìgbàlódé, àwọn ayálégbé tó ti pẹ́ níbẹ̀ sì ń kó ẹrù lọ sí Ìkòròdú àti Ògìjo.